Àwọn Ibùdó Ginka

Bí ẹ bá fi aṣọ di Metodi lójú, tí ẹ ní kí ó ka àwọn ibùdókọ̀ ojú irin láti Gorna títí dé Varna létí òkun, á kà wọ́n fún yín láìfo ọ̀kan: Strazhitsa, Popovo, Targovishte, Shumen, Kaspichan, Provadiya. Á sọ ibi tí igi àsálà ńlá wà ní ọwọ́ òsì. Á sọ ibi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, tí awakọ̀ gbọ́dọ̀ ti múra sílẹ̀. Ọdún méjìdínlógójì ni ó fi wa ọkọ̀ ojú irin ní ọ̀nà yẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í ní orúkọ òpópónà tí ó wà lẹ́yìn ilé òun fúnra rẹ̀, á ṣí fìlà, á họ orí.

Kì í ṣe pé ó kórìíra àdúgbò. Iṣẹ́ ni. Ẹni tí ó ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, tí ó ń wọlé nígbà tí ilé ti sùn, níbo ni yóò ti mọ ẹni tí ń ta wàrà? Ginka ìyàwó rẹ̀ ni ó mọ ìta. Nígbà tí Metodi fẹ̀yìn tì, ó fa àga sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó ń gbọ́ rédíò, ó ń tún aago àtijọ́ ṣe, Ginka sì ń bá ìrìn tirẹ̀ lọ. Ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀, Ginka á gbé àpò búlúù rẹ̀ kọ́ apá, á ní, "Mò ń bọ̀ o." Metodi á máa wò ó láti ojú fèrèsé títí á fi dé ibi igi lípà tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé. Níbẹ̀ ni á ti yà sí ọ̀tún, ojú kò sì ní tó o mọ́. Ní agogo mọ́kànlá, kọ́kọ́rọ́ á dún lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ní agogo méjìlá, oúnjẹ á wà lórí tábìlì.

Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Metodi kò béèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé, "Níbo lo ń lọ?" Ohun tí ó bá ń lọ tí ó ń bọ̀ ní àkókò rẹ̀, awakọ̀ ojú irin kì í yẹ ẹ́ wò.

Ní oṣù Kejì ọdún yìí, Ginka ń ká aṣọ lórí bẹ́ẹ̀dì, ọkàn rẹ̀ sì dá iṣẹ́ dúró. Wọ́n sin ín ní ọjọ́ kejì, bí wọ́n ti ń ṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n yìnyín bolẹ̀ lọ́jọ́ náà títí ó fi dé orókún, kò sí ẹni tí ó ráyè lẹ ìwé ìkéde òkú mọ́ ibì kankan. Ènìyàn mẹ́sàn-án ni ó dúró létí ibojì, Metodi sì kà wọ́n: òun fúnra rẹ̀, ọmọbìnrin wọn tí ó sáré wá láti Sípéènì, àlùfáà, Kuncho tí ń gbé àjà ìsàlẹ̀ ilé wọn, àti àwọn awakọ̀ márùn-ún tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí. Àwọn awakọ̀ wá nítorí tirẹ̀. Kuncho wá nítorí tirẹ̀. Yàtọ̀ sí ọmọ tí Ginka bí, kò sí ẹnì kan tí ó wá nítorí Ginka.

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Metodi lára ju òtútù lọ. Ó ń bi ara rẹ̀ pé, obìnrin tí ó lo ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin láyé, ṣé kò ní ènìyàn ni?

Ní ilẹ̀ wọn, ọjọ́ ogójì ni òkú ń dágbére fún ayé pátápátá. Wọ́n á lọ sí ibojì, wọ́n á da wáìnì díẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á pín àlìkámà sísè tí wọ́n fi ṣúgà àti àsálà sí. Ẹni tí ó bá bu síbí kan jẹ á ní, "Kí Ọlọ́run dárí jì í." Àwọn àgbà gbà pé bí ẹnu tí ó sọ ọ́ bá ṣe pọ̀ tó ni ọ̀nà òkú ṣe ń tẹ́jú tó. Ogójì Ginka bọ́ sí Sátidé tí ó kẹ́yìn oṣù Kẹta, ní agogo mọ́kànlá àárọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni Metodi ń fẹ́, kí àwọn ènìyàn Ginka wá. Ṣùgbọ́n kò mọ orúkọ wọn, kò mọ ilé wọn, kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá wọ́n wà. Ọmọbìnrin wọn ti padà sí Sípéènì, òun náà kò mọ̀ wọ́n. Ginka kò ní fóònù. Ó máa ń sọ pé ẹni tí ó bá fẹ́ rí òun, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò rọ.

Metodi lọ tẹ ìwé ìkéde mẹ́wàá, tí àwòrán Ginka wà lókè wọn. Ó ti lẹ mẹ́rin nígbà tí Kuncho pàdé rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé.

"Níbo lo lẹ̀ wọ́n mọ́?" Kuncho béèrè.

"Ẹnu ọ̀nà wa níbí. Ibùdókọ̀ ojú irin. Ilé oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè. Àti igi lípà ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé."

Kuncho fọwọ́ lé ìbàdí. "Ibùdókọ̀? Ṣé Ginka ló ń wa ọkọ̀ ojú irin ni? Metodi, bí ìwọ lo kú, ibẹ̀ gan-an ni ǹ bá lẹ ìwé rẹ mọ́!"

"Níbo wá ni kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́?"

"Èmi lò ń bi? Èmi ni mo fẹ́ ẹ ni?"

Kuncho rí ojú Metodi, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Má bínú, ọ̀rẹ́ mi. Ẹnu mi yìí, kò ní bíréèkì."

Ṣùgbọ́n òótọ́ ni Kuncho sọ. Nínú ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, igi lípà nìkan ni Metodi lè fọwọ́ sọ̀yà pé Ginka ń gbà kọjá, nítorí pé ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ mọ láti ojú fèrèsé.

Nígbà tí ó di ọjọ́rú, tí Sátidé ku ọjọ́ mẹ́ta, Metodi lọ wo igi náà. Ìwé Ginka kò sí níbẹ̀ mọ́.

A kì í yọ ìwé òkú. Òjò ni ó ń yọ ọ́, tàbí oòrùn, tàbí afẹ́fẹ́. Ìwé àwọn tí ó kú lọ́dún tó kọjá ṣì wà lára igi náà, ojú wọn ti ṣá, kò sì sí ẹni tí ó fọwọ́ kàn wọ́n. Ti Ginka nìkan ni ó ti lọ. Ihò ìṣó pẹlẹbẹ mẹ́rin ni ó kù lára igi. Ẹni tí ó yọ ọ́ kó ìṣó náà lọ.

Àwọn ọmọ ilé ìwé bí mẹ́wàá wà ní ẹnu géètì, wọ́n mú okùn ìwọ̀n, ẹfun ìkọ̀wé àti pátákó dání. Òwú pupa òun funfun wà ní ọrùn ọwọ́ gbogbo wọn, nítorí pé oṣù Kẹta ni. Gbogbo ìlú ni ó ń so ó ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù náà, wọn kò sì ní tú u títí igi eléso kan yóò fi yọ òdòdó lójú wọn. Ginka ni ó máa ń so ti Metodi fún un lọ́dọọdún. Lọ́dún yìí, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.

"Ta ló yọ ìwé tó wà níbí?" Metodi béèrè. Ohùn rẹ̀ le ju bí ó ti fẹ́ lọ.

Ọmọkùnrin kan tí etí rẹ̀ tóbi dáhùn. Ognyan ni orúkọ rẹ̀. "Ẹ kú àárọ̀, Bàbá. Ìwé wo nìyẹn?"

"Ìwé ìyàwó mi."

Ognyan wo ọmọbìnrin kékeré kan tí ó di ìdí okùn ìwọ̀n mú. Ọmọbìnrin náà ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Bàbá, máàpù àdúgbò wa là ń yà," ni Ognyan wí, ó ń yára sọ̀rọ̀. "Tíṣà ní kí oníkálukú mú nǹkan kan wá láti òpópónà tí wọ́n pín fún un, ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ máàpù. Èmi mú ọmọrí ìgò wá. Wọ́n ní kò dáa. Ṣùgbọ́n ọmọrí ìgò pọ̀ ní òpópónà wa ju igi lọ, ṣé irọ́ ni mo..."

"Èmi ni," ọmọbìnrin náà wí.

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Metodi fi ní láti tẹ̀ ba. "O ní kí ni?"

"Èmi ni mo yọ ọ́. Mo rò pé ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá."

Ralitsa ni orúkọ ọmọ náà, ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ẹ má tètè bínú sí i. Ní ìlú tí ìwé ọ̀sẹ̀ yìí àti ìwé ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ti jọ ń gbé ara igi kan náà, ojú òkú ni ènìyàn ń wò. Bí ó bá ti mọ ojú náà, á ní, "Kí Ọlọ́run dárí jì í," á sì kọjá. Ta ni ó ń dúró ka déètì?

Tíṣà wọn, Svilena, ti sáré dé láti inú ọgbà, ó ti gbọ́ èyí tí ó kẹ́yìn. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Ralitsa! Ìwé òkú? Ṣé o kò mọ̀ pé èèwọ̀ ni? Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, èmi ni kí ẹ bá wí. Èmi ni mo ní kí wọ́n mú nǹkan wá, mi ò là á yé wọn."

Omi ti kún ojú Ralitsa. Metodi fẹ́ jágbe, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò sá, ó dúró síwájú rẹ̀, Metodi sì fi igbe náà sílẹ̀.

"Níbo ló wà?" ni ó béèrè.

Wọ́n mú un wọ inú kíláàsì. Máàpù náà gba ògiri ẹ̀yìn láti igun dé igun. Ìwé aláwọ̀ ilẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n so pọ̀. Wọ́n ya ilé ìwé, wọ́n ya ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ya afárá àti odò kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀. Metodi fi awò sójú. Ó pẹ́ tí ó ti ń ka máàpù ojú irin, kò sì pẹ́ kí ó tó rí ilé ara rẹ̀, àpótí kékeré kan tí wọ́n kọ mẹ́rìnlá sí. Ó tọ ọ̀nà láti ibẹ̀ dé ìdí igi lípà. Ó yà sí ọ̀tún, níbi tí ojú rẹ̀ kò dé rí. Níbẹ̀, lẹ́yìn ilé tí wọ́n kọ "Búrẹ́dì" sí lára, Ginka ń rẹ́rìn-ín sí i láti inú ìwé ìkéde rẹ̀, ìṣó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì wà ní igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ibí lo lẹ̀ ẹ́ mọ́?"

Ralitsa fi ìka tọ́ka sí ẹ̀yìn ilé búrẹ́dì. "Ibi tiwọn nìyẹn."

"Ibi ta ni?"

"Ti Màmá Ginka. Níbẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fún àwọn ológbò lóúnjẹ. Mẹ́fà ni àwọn ológbò náà. Wọ́n máa ń ní kí n dúró kà wọ́n kí n tó wọ kíláàsì. Wọ́n ní kí n kà á sókè." Ó tún wo bàtà rẹ̀. "Torí pé mi ò lè sọ̀rọ̀ sókè lójú èrò. Wọ́n ní ológbò kì í fi ènìyàn ṣe yẹ̀yẹ́."

Metodi tún wo máàpù náà. Ológbò mẹ́fà. Ọdún mọ́kànlá.

"Wọ́n tún máa ń gun àtẹ̀gùn òkúta, Bàbá!" Ognyan kò lè mú un mọ́ra mọ́. "Ibí yìí gan-an. Mo máa ń rí wọn tí wọ́n gbé ìgò wàrà. Mo ní kí n bá wọn gbé e, wọ́n ní ẹnu mi á ti jẹ́ kí wàrà kan kí a tó dókè."

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Metodi wá àga, àga ọmọdé ni ó rí, ó sì jókòó sórí rẹ̀ pẹ̀lú orókún tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Nígbà tí ó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Ṣé ẹ lè mú mi dé àwọn ibẹ̀ yẹn?"

"Ọ̀la la tún máa jáde lọ wọn ilẹ̀, Bàbá," Svilena dáhùn. "Ẹ máa bá wa lọ."

Ralitsa ti ń na ọwọ́ láti yọ ìwé náà, kí ó dá a padà fún un.

"Rárá," Metodi wí. "Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ti dé ibi tó yẹ ẹ́. Mẹ́fà ṣì wà nílé."

Lọ́jọ́ kejì, Metodi dé fìlà iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, ó kó ìwé mẹ́fà sínú àpò búlúù Ginka, ó sì dúró lábẹ́ igi lípà ní agogo mẹ́sàn-án gééré. Ognyan gbé ife ìṣó. Ralitsa ló ṣíwájú pẹ̀lú máàpù kékeré tí ó dà kọ lálẹ́ àná. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, àwọn àgbà ló wí i, ṣùgbọ́n wọn kò sọ pé ó lè jẹ́ ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá ni àgbà yóò ti béèrè ọ̀nà àdúgbò ara rẹ̀.

Stoyka ni ó ni ilé búrẹ́dì, obìnrin sísanra kan tí ìyẹ̀fun máa ń dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Bí ó ti rí àwọn ọmọ, ó figbe ta. "Ẹ tún ti dé! Ṣé ṣọ́ọ̀bù mi gùn sí i láti àná ni? Ẹ má fi okùn yín kan búrẹ́dì mi o!"

Metodi mú ìwé jáde, ó nà án sí i. Stoyka nu ọwọ́, ó kà á. Ó tún un kà. Ó jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun.

"Mo rò pé ó ti lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Sípéènì ni," ni ó wí. "Ojoojúmọ́ ni mo ń bínú sí i. Mo ní, Ginka yìí, ó lọ láì dágbére fún mi." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ìyẹ̀fun sì funfun ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Ẹ̀yin ta ni, Bàbá?"

"Ọkọ rẹ̀ ni mí."

Stoyka wò ó láti orí fìlà dé ẹnu bàtà. "Áà! Ẹ̀yin ni ọkọ̀ ojú irin!"

"Kí lẹ wí?"

"Bí mo bá ní kí ó jókòó mu tíì pẹ̀lú mi, á ní, 'Ó tì o, Stoyka. Ọkọ̀ ojú irin mi ń wọlé ní agogo méjìlá, kò gbọdọ̀ bá ibùdó lófìfo.' Ojoojúmọ́! Mo ti ń rò ó lọ́kàn mi pé, irú ọkọ̀ wo rè é tí kì í pẹ́?"

Metodi yíjú sí ibi tí wọ́n to búrẹ́dì sí, ó ń wò wọ́n bí ẹni tí ó fẹ́ ṣa èyí tó dára jù. Kò sí ẹni tí ó yọ ọ́ lẹ́nu. Nígbà tí ó ṣe díẹ̀, Ralitsa fa apá aṣọ rẹ̀, wọ́n sì lọ sí ẹ̀yìn ilé. Àwọn ológbò wà níbẹ̀, wọ́n kọjú sí ọ̀nà. Stoyka ní òun ti ń ju oúnjẹ sí wọn, wọ́n sì ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jẹun tán, wọ́n á tún jókòó máa wo ọ̀nà.

"Kà wọ́n fún mi," Metodi wí.

Ralitsa wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n dúró yíká. Ó wo ìwé ìkéde tí Ognyan ń kan mọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ó kà wọ́n, ohùn rẹ̀ sì ń ga sí i: "Ọ̀kan. Méjì. Mẹ́ta. Mẹ́rin. Márùn-ún. Mẹ́fà." Ó dúró. "Méje! Ọmọ tuntun kan wà!"

Bí wọ́n ti ń lọ, ó béèrè lọ́wọ́ Metodi bí awakọ̀ ṣe ń rántí ọ̀nà tó gùn tó bẹ́ẹ̀.

"A kì í fi orí rántí gbogbo rẹ̀," Metodi wí. "Ohun tó wà lọ́wọ́ òsì wa là ń mọ̀. Igi kan, ilé kan, kànga kan. Ọ̀kan á pe èkejì."

"Báwo ni wọ́n ṣe ń ya ibùdókọ̀ sínú máàpù ojú irin?"

"Òbìrí kékeré, róbótó báyìí, lórí ìlà." Ó fi ẹfun yà á sílẹ̀ fún un. "Bí kò bá sí òbìrí, ọkọ̀ kò ní dúró."

Àádọ́rin àtẹ̀gùn ni ó wà ní ọ̀nà òkúta náà. Metodi sinmi lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lókè pátápátá, wọ́n kan ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé kan, ó sì pẹ́ kí ó tó ṣí bí ìka méjì.

"Bí ẹ bá ń ta nǹkan, mi ò rà," ohùn arúgbó kan wí láti inú. Trayanka ni. Ọ̀pá méjì ni ó fi ń rìn, ọdún kejì rèé tí kò ti sọ̀ kalẹ̀. Ojú rẹ̀ bọ́ sára àpò búlúù tó wà ní apá Metodi, ilẹ̀kùn sì ṣí gbayawu. "Ginka ló rán yín?"

Metodi ti sọ nípa ikú náà fún Stoyka, ó lè sọ ọ́ fún ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n kò lè sọ ọ́ fún ojú yìí tí ó tàn bẹ́ẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá," Ralitsa ló dáhùn, gbogbo wọn sì gbọ́ ọ ketekete. "Àwọn ló rán wa."

Metodi wá na ìwé náà sí Trayanka. Trayanka wo àwòrán nìkan. "Mo ti mọ̀," ni ó wí. "Ginka kì í pẹ́. Ẹni tí kì í pẹ́ rí, tí ó bá wá pẹ́ tó báyìí, kí ni ẹ fẹ́ kí n rò?" Ó ní, láti ìgbà tí Ginka kò ti gbé wàrà wá mọ́, tíì lásán ni òun ń mu. "Ọjọ́ wo ni?"

"Sátidé, agogo mọ́kànlá. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yín, Màmá..."

"Ẹsẹ̀ mi ló ń bá mi gbé, èmi kọ́ ni mò ń bá a gbé. Mò ń bọ̀."

Kí ó tó di agogo mọ́kànlá, wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin tí ń tún bàtà ṣe, ẹni tí Ginka máa ń ka ìwé ìròyìn fún nítorí pé ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Wọ́n dé ilé ìkàwé àdúgbò, níbi tí orúkọ Ginka wà nínú ìwé ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀. Wọ́n dé ibi fáńpù omi lẹ́bàá odò, àti ọgbà kékeré kan tí Ginka ti gbin àlùbọ́sà láìjẹ́ pé Metodi mọ̀ pé àlùbọ́sà inú ọbẹ̀ rẹ̀ kì í ti ọjà wá. Ìwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti tán. Metodi wọlé, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, kò sì tan rédíò.

Ní Sátidé, Kuncho bá a gbé ìkòkò àlìkámà gun òkè lọ sí itẹ́ òkú. "Ìwọ àti ta ni ẹ fẹ́ jẹ gbogbo èyí?" ni ó ń ráhùn. "Ó tó fún rẹ́jímẹ́ǹtì kan!"

"Ó tó fún ọgbọ̀n ènìyàn."

"Ọgbọ̀n! Kí Ọlọ́run fún ẹ ní mẹ́wàá."

Àwọn awakọ̀ márùn-ún dé ní agogo mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú márùn-ún, ṣé a mọ̀ wọ́n. Àlùfáà dé. Agogo mọ́kànlá lù. Kò sí ẹlòmíràn. Metodi wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Afẹ́fẹ́ ń pa iná àbẹ́là, Kuncho sì ń tún un tàn.

"Ọkọ̀ ojú irin náà máa ń pẹ́ nígbà mìíràn," Kuncho wí nígbẹ̀yìn, ó ń wo ilẹ̀.

"Tèmi kò pẹ́ rí."

Àlùfáà húkọ́ díẹ̀. Ìsìnkú mìíràn ń dúró dè é ní agogo méjìlá. "Metodi, ṣé kí a bẹ̀rẹ̀?"

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé Metodi sẹ́nu iṣẹ́ títí di ọjọ́ tí ó fẹ̀yìn tì, kò dá ọkọ̀ dúró de ẹnì kankan rí. Bí àkókò bá ti tó, á gbéra, ẹni tí ó ń sáré bọ̀ ì báà jẹ́ ọba. Ó wo orúkọ ìyàwó rẹ̀ lórí igi àgbélébùú.

"Ẹ dákun, Bàbá Àlùfáà," ni ó wí. "Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ sí i."

Ó ti di agogo mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú kí wọ́n tó yọ ní ẹ̀yìn àwọn igi. Wọ́n ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Trayanka ni ó wà ní iwájú pẹ̀lú ọ̀pá kan, Stoyka di apá rẹ̀ kan mú, ọkùnrin tí ń tún bàtà ṣe wà ní apá kejì. Gbogbo èrò tí ó kù sì wà lẹ́yìn wọn, àwọn obìnrin tí Metodi kò rí rí, ọ̀dọ́mọkùnrin ilé ìkàwé, Svilena àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn yá, wọn ì bá ti dé tipẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ó ya Trayanka sílẹ̀ kọjá.

"Ẹ má bínú," Stoyka kígbe láti ọ̀nà jíjìn, ó ń mí helehele. "Trayanka ló ń wa ọkọ̀!"

"Ẹ̀yin lẹ wúwo jù tí ẹ kò jẹ́ kí n sáré," Trayanka dá a lóhùn.

Metodi bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n. Ó ka mẹ́rìnlá, ó ka mọ́kàndínlógún, ó ka mẹ́tàlélógún, omi sì bo ojú rẹ̀, kò lè kà mọ́. Àlùfáà gbàdúrà. Wọ́n da wáìnì sílẹ̀. Síbí ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, ẹnu kan ń sọ ọ́ tẹ̀ lé òmíràn: Kí Ọlọ́run dárí jì í. Kí Ọlọ́run dárí jì í. Nígbà tí ó kan Ralitsa, ó sọ ọ́ bí ẹni tí ń ka ológbò, àwọn awakọ̀ tó wà lẹ́yìn pátápátá sì gbọ́.

Àlìkámà tán. Kuncho fi síbí ha ìdí ìkòkò, ó gbọn orí. "Mo sọ fún ẹ pé kò ní tó," ni ó wí.

Ní Mọ́ńdè, Metodi yà sí ilé ìwé kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti parí máàpù náà. Igi eléso púlọ́ọ̀mù ọgbà ilé ìwé ti yọ òdòdó ní òpin ọ̀sẹ̀, àwọn ọmọ ti tú òwú ọwọ́ wọn, wọ́n sì ti so ó mọ́ ẹ̀ka rẹ̀. Ralitsa nìkan ni kò so tirẹ̀ síbẹ̀. Ó na òwú pupa òun funfun náà sórí máàpù, láti ilé kẹrìnlá lọ sí igi lípà, sí ẹ̀yìn ilé búrẹ́dì, sí orí àtẹ̀gùn òkúta, títí ó fi yí po padà sílé. Ní ibi kọ̀ọ̀kan tí Ginka ti ń dúró, ó ya òbìrí kékeré kan. Àwòrán Ginka ṣì wà níbi tí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́.

Metodi fi ìka tọ òwú náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. "Agogo mélòó ni ọkọ̀ yìí ń gbéra?"

"Mẹ́sàn-án, Bàbá," Ralitsa dáhùn.

Metodi wo aago ara ògiri. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó tún àpò búlúù náà gbé kọ́ apá. Ìgò wàrà kan wà nínú rẹ̀, àti ẹran díẹ̀ tí ó fi ìwé ìròyìn wé.

"Mò ń bọ̀ o," ni ó wí.

Àwọn ọmọ sáré lọ sí ojú fèrèsé. Wọ́n rí i tí ó jáde ní géètì, tí ó fọwọ́ kan igi lípà bí ó ti ń kọjá, tí ó sì yà sí ọ̀tún.